so … mọ́ ilẹ̀

Àpólà-ìṣe. Ohun tí a ń so ni ó ń wà láàárín: *so wáyà mọ́ ilẹ̀*. Ọ̀rọ̀-orúkọ: *ìsomọ́lẹ̀*.

Ìtumọ̀
1. De ẹran mọ́ ibì kan kí ó má baà lọ. *Wọ́n so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé.*
2. (Iṣẹ́ iná) Fi wáyà so ohun èlò pọ̀ mọ́ irin tí a rì sínú ilẹ̀, kí iná tí ó bá ṣìnà lè gba ibẹ̀ lọ. *Ẹ so jẹnẹrétọ̀ náà mọ́ ilẹ̀ kí ẹ tó tàn án.*
3. (Wáyà oníbòrí) So ìbòrí bàbà tí ó yí wáyà inú ká mọ́ ilẹ̀, kí ariwo iná má baà wọlé. *Sípíkà tí wọ́n fi ń pe èrò ní gáréèjì Ìwó Road, n'Íbàdàn, ń kùn títí oníṣẹ́ fi so ìbòrí wáyà máìkì mọ́ ilẹ̀.*

Ìlò
Iná ìjọba ní Nàìjíríà ń lọ, ó sì ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí wáyà ohùn bá gba ẹ̀gbẹ́ wáyà iná kọjá, ìlọ-bọ̀ yìí a máa ràn án, sípíkà a sì máa kùn. Ìbòrí ni ó ń gba ariwo náà mú, tí ó sì ń gbé e lọ sílẹ̀. Ní ti wáyà ohùn, ìpẹ̀kun kan ṣoṣo ni a sábà máa ń so: bí ilẹ̀ ìhín àti ti ọ̀hún kò bá dọ́gba, iná yóò máa ṣàn nínú ìbòrí, kíkùn yóò sì padà dé. Ìpẹ̀kun méjèèjì ni a ń so ìbòrí wáyà tẹlifíṣọ̀n.

Àkíyèsí fún atúmọ̀
Má ṣe kọ *ri wáyà mọ́lẹ̀*. Irin ni a ń rì, kì í ṣe wáyà. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò gbẹ́ kòtò, yóò bo wáyà, ohun èlò rẹ̀ yóò sì wà láìní ààbò. Má sì kọ *sọ wáyà mọ́lẹ̀*. Jíjù sílẹ̀ ni ìyẹn.

Bí ìwé bá ní kí a tú ìpẹ̀kun kan, dárúkọ wáyà tí ó ń wí: *ìbòrí wáyà ohùn*. Bí a bá kọ *wáyà ilẹ̀* lásán, òǹkàwé lè yọ ti púlọ́ọ̀gì, èyí tí ó ń gba ẹ̀mí là bí iná bá kan ara irin ẹ̀rọ.

Tún wo: *ìbòrí*, *kùn*, *rì*, *sọ̀*.