Ìwọ̀n Mólà Gáàsì Oní-átọ̀mù-méjì

Ìwọ̀n mólà gáàsì ni iye gíráàmù tí mólù kan rẹ̀ wọ̀n. Mólù ni òǹkà tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì fi ń ka ohun tí ojú lásán kò lè rí. Láti ọdún 2019, mólù kan dúró fún 6.02214076 × 10²³ gẹ́lẹ́, ìbáà jẹ́ átọ̀mù, ìbáà jẹ́ mólékúlù. Gáàsì oní-átọ̀mù-méjì ni èyí tí mólékúlù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní átọ̀mù méjì tó so pọ̀. Ẹ́límẹ́ǹtì tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni háídrójìn, nítrójìn, ọ́ksíjìn, flúórínì àti klórínì.

Ìṣirò rẹ̀

A ó wo ìwọ̀n átọ̀mù ẹ́límẹ́ǹtì náà lórí tábìlì àwọn ẹ́límẹ́ǹtì, a ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ti nítrójìn jẹ́ 14.007; ìlọ́po méjì rẹ̀ ni 28.014 gíráàmù fún mólù kan. Bákan náà, háídrójìn jẹ́ 2.016, ọ́ksíjìn 31.998, flúórínì 37.996, klórínì 70.90. Bí átọ̀mù méjèèjì kò bá jọra, ṣe la ó ro wọ́n pọ̀: kábọ́ọ̀nù mọ́nóksáìdì, 12.011 àti 15.999, jẹ́ 28.010.

Ìlọ́po méjì yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé. Bí wọ́n bá béèrè iye mólù tó wà nínú 64 gíráàmù gáàsì ọ́ksíjìn, ẹni tó fi 16 pín in yóò rí 4. Iye mólù átọ̀mù nìyẹn. Méjì-méjì ni átọ̀mù ọ́ksíjìn ń rìn, nítorí náà 32 la ó fi pín in, èsì rẹ̀ sì jẹ́ 2.

Bí a ṣe mọ̀ pé méjì ni

Gay-Lussac, ará Faransé, fi hàn ní 1808 pé òṣùwọ̀n háídrójìn kan àti òṣùwọ̀n klórínì kan máa ń di òṣùwọ̀n méjì gáàsì tuntun. Ní 1811, Avogadro, ará Ítálì, ṣàlàyé pé mólékúlù gáàsì kọ̀ọ̀kan ló pín sí méjì. Dalton, onímọ̀ kẹ́mísírì, kò gbà, torí lójú tirẹ̀, átọ̀mù tó jọra kì í so mọ́ ara wọn. Cannizzaro, onímọ̀ kẹ́mísírì mìíràn, ló tún gbé ọ̀rọ̀ Avogadro dìde ní 1858, tí àwọn onímọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lẹ́yìn ìpàdé àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ní Karlsruhe ní Jámánì ní 1860.

Wíwọ̀n gáàsì fúnra rẹ̀

Ní 0°C, lábẹ́ ìfúnpá 1 atm, mólù gáàsì kan ń gba àyè tó tó lítà 22.4. Bí a bá wọn lítà kan gáàsì, tí a fi 22.4 sọ ọ́ di púpọ̀, a ti rí ìwọ̀n mólà rẹ̀. Lord Rayleigh, ará Gẹ̀ẹ́sì, wọn nítrójìn tí wọ́n yọ láti inú kẹ́míkà: lítà kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 1.2505, èyí tó fún wa ní 28.0. Èyí tó yọ láti inú afẹ́fẹ́ jẹ́ 1.2572, ìyẹn 28.2. Ìyàtọ̀ kékeré yìí kò jẹ́ kó sinmi. Òun àti William Ramsay, onímọ̀ kẹ́mísírì, tọ pinpin rẹ̀, wọ́n sì rí i ní 1894 pé gáàsì mìíràn ló fara pamọ́ sínú afẹ́fẹ́: árgọ́nì. Átọ̀mù kan péré ni mólékúlù árgọ́nì ní, kò sí ìlọ́po méjì nínú ìṣirò tirẹ̀, 39.95 náà ni ìwọ̀n mólà rẹ̀.