Láti Ọwọ́ Ajẹ́lẹ̀ dé Iwájú Adájọ́: Ìtàn Ilé-Ẹjọ́ Gíga ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Bí mọ̀lẹ́bí méjì bá ń du ilẹ̀ kan náà ní ìgboro Ṣàgámù lónìí, tí àwọn àgbà bá làjà títí tí ọ̀rọ̀ náà kò tán, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọn yóò gbé ara wọn lọ. Adájọ́ kan ṣoṣo ni yóò jókòó. Ìhà kọ̀ọ̀kan yóò ní agbẹjọ́rò tirẹ̀, àwọn ẹlẹ́rìí yóò sì wá sọ ohun tí wọ́n mọ̀. Ó lè dà bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn baba ńlá wa kò ní irú àǹfààní yìí.

Kí òyìnbó tó dé, baálé ni ó ń kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́. Èyí tí ó bá ju agbára rẹ̀ lọ a dé ọ̀dọ̀ àwọn ìjòyè, Òṣùgbó àti ọba. Ní ọdún 1894, Rẹ́mọ bọ́ sábẹ́ ààbò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó di 1914, Lugard so Gúúsù pọ̀ mọ́ Àríwá, ìjọba rẹ̀ sì dá kọ́ọ̀tù ìgbèríko sílẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tí ń ṣàkóso ìgbèríko ni adájọ́ níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ kọ́ ìmọ̀ òfin. Ó lè dájọ́ ikú, bí Gómìnà bá ti fọwọ́ sí i. Agbẹjọ́rò kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀. Ẹni tí ń pàṣẹ fún aráàlú náà ni ó tún ń dá wọn lẹ́jọ́.

Ariwo pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ọdún 1933, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1934, pa kọ́ọ̀tù ìgbèríko rẹ́. Ó fi Ilé-Ẹjọ́ Gíga àti ti májísíréètì rọ́pò rẹ̀, ó sì gba agbẹjọ́rò láyè. Síbẹ̀, ẹjọ́ ilẹ̀ ìbílẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, níbi tí agbẹjọ́rò kò ti lè dé. Ní ọdún wọ̀nyí gan-an ni Rẹ́mọ ń jà láti kúrò lábẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀, ó ti gba àṣẹ ìbílẹ̀ tirẹ̀.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kan wà lára àwọn tí ó jà ìjà náà: Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ó di agbẹjọ́rò ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1946. Òun ni Pírémíà nígbà tí Ìwọ̀-Oòrùn ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga tirẹ̀ ní 1955, tí Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ọmọ Aláké, sì di olórí àwọn adájọ́ ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, òun náà ní tirẹ̀. Abẹ́òkúta ni olú ilé-ẹjọ́ náà wà, ẹ̀ka rẹ̀ sì wà ní Ṣàgámù.

Ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ẹni tí yóò jẹ́ adájọ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti jẹ́ agbẹjọ́rò fún ọdún 10, ó kéré tán. Gómìnà ni ó ń yàn án, ṣùgbọ́n kò lè dá a ṣe. Àjọ tí ń rí sí ètò ìdájọ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè ni yóò kọ́kọ́ dábàá orúkọ. Ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn lè lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ìwé òfin yìí kan náà fún adájọ́ ní 90 ọjọ́ láti dájọ́ lẹ́yìn tí àwọn agbẹjọ́rò bá ti sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Kò sọ iye ọdún tí ẹjọ́ lè lò kí ó tó dé ibẹ̀. Àwọn baba wa bi ìjọba léèrè pé ta ni yóò dájọ́ wa, wọ́n sì rí ìdáhùn gbà. Ìgbà wo ni a ó dá a ni àwọn ọmọ wọn ń bèèrè.