Ludmila: Orúkọ Tí Kò Sọnù Lẹ́yìn Odi

Ní Atlanta, nínú Olympics 1996 tí Falilat Ògúnkọ̀yà tiwa ti gba idẹ nínú eré 400 mítà, Ludmila Engquist ló gba wúrà nínú 100 mítà àwọn obìnrin tó ń fo ìdènà. Rọ́ṣíà ni wọ́n bí i sí. Ó fẹ́ ará Sweden, ó sì sáré fún Sweden. Orílẹ̀-èdè yí, orúkọ ìdílé yí, Ludmila ò yí.

Ọ̀rọ̀ àwọn Slav méjì ló para pọ̀ di orúkọ náà: "lyud" ni èèyàn, "mil" ni ọ̀wọ́n. Ẹni ọ̀wọ́n lójú èèyàn nìyẹn. Ludmila, ìyá àgbà Wenceslas, tí wọ́n pa ní Bohemia ní 921, ló sọ ọ́ di orúkọ ẹni mímọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ tìtorí ahọ́n òyìnbó fi Sarah bo Fọláṣadé mọ́lẹ̀, ṣé orúkọ wúwo lẹ́rù ni?