Ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́: Ilé Ẹjọ́ Àwọn Baba Wa

Àwọn ọ̀dọ́ wa a máa rò pé ìgbà tí Òyìnbó kọ́ kóòtù ni ẹjọ́ dídá bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Èkìtì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kí Òfin Kóòtù Ìbílẹ̀ ti ọdún 1914 tó dé, ààfin ni ilé ẹjọ́. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lónìí ni ti Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́.

Amọ̀ ni wọ́n fi mọ irú ààfin bẹ́ẹ̀, àgbàlá sì ń ṣí sínú àgbàlá. Òrùlé yọ síwájú bo ọ̀dẹ̀dẹ̀, òpó gbé e dúró, ṣùgbọ́n àárín àgbàlá ṣófo sí ojú ọ̀run. Ọba àti àwọn ìjòyè a jókòó lábẹ́ ìbòòji. Ẹni tí ó ní ẹjọ́ a wà nínú oòrùn.

Láàárín 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀, ọmọ bíbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀ ti Ìsẹ̀, gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà. Lára òpó kan, ọba jókòó pẹ̀lú adé lórí, olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ga ju ọba lọ fíìfíì. Lójú tèmi, agbẹ́gilére náà mọ̀ pé ọba kì í dá nìkan jọba.

Lára ilẹ̀kùn ni Ògògà ti ń gba Kápútẹ́nì Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní àlejò. Ọba wà lórí ìtẹ́. Àwọn aláàárù ni wọ́n gbé Òyìnbó dé bí ẹrù! Bẹ́ẹ̀ ni agbára ẹjọ́ ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọba nígbà náà, nítorí kò pẹ́ tí ajẹ́lẹ̀ fi lè yí ìdájọ́ rẹ̀ padà.

Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley. Ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á, ṣùgbọ́n ó gba ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un dípò rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ òmíràn. Òpó tí mo sọ wà ní Chicago láti 1984.

Ẹ̀yin ará Ìmẹ̀sí-Lásigidi, mo bẹ Ẹgbẹ́ wa pé bí òpó tàbí ilẹ̀kùn àtijọ́ kan bá ṣẹ́kù ní ààfin wa, kí a yà á ní fọ́tò, kí a sì kọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ sílẹ̀, nígbà tí àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé.