Òǹtẹ̀ Orí Èékánná: Ìtàn Tó Wà Lẹ́yìn Irin Pẹlẹbẹ Kan

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tó bá rí ọmọbìnrin kan tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tó to ìgò kútẹ́ẹ̀sì síwájú, tó mú irin pẹlẹbẹ lọ́wọ́ kan, tó mú òǹtẹ̀ rírọ̀ lọ́wọ́ kejì, lè rò pé eré lásán ni. Ṣùgbọ́n ìtàn irin pẹlẹbẹ yẹn ti lé ní 250 ọdún, ó sì kan gbogbo ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe ọnà jẹun, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn aládìrẹ ilẹ̀ wa.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé ọ̀kan wọ ilé wa. Ohun mẹ́ta péré ló wà nínú páálí náà: irin tí a fín òdòdó àti labalábá sí lára, ike tín-ín-rín tí a fi ń fá ọ̀dà kúrò lójú irin, àti òǹtẹ̀ rírọ̀ kan tó dà bí orí olú. Ó ní, "Àǹtí, ẹ na ọwọ́ yín." Ó da kútẹ́ẹ̀sì dúdú sórí òdòdó kan, ó fi ike fá a, ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó sì yí i sórí èékánná mi. Kò sí ohun tó hàn. Nígbà kejì, ìdajì òdòdó ló jáde. Nígbà kẹta, ó pa fáànù tó ń fẹ́ sí wa lára, ó ṣe kíákíá, òdòdó náà sì jáde láìku ewé kan. Kò pẹ́ rárá tó fi parí ọwọ́ méjèèjì. Mo wo ìka mi títí. Òdòdó mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn jọra bí ìbejì. Ìbéèrè kan sì wá sí mi lọ́kàn: bí òǹtẹ̀ bá lè ṣe èyí, kí ni ọwọ́ ayàwòrán ń ṣe mọ́?

Kí á tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí á padà sẹ́yìn díẹ̀. Kíkun èékánná kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Kí kútẹ́ẹ̀sì tó dé, làálì ti wà. Ewé rẹ̀ ni a ń gún, tí a ń pò, tí a sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹsẹ̀ àti èékánná ìyàwó, pàápàá láàrin àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa àti àwọn ará Òkè Ọya. Ó ń fẹ́ sùúrù, nítorí pé wákàtí púpọ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ fi ń wọ ara. Àwọ̀ làálì kì í sì í ṣí bí ọ̀dà. Èékánná ni yóò máa hù títí yóò fi gbé e lọ. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ náà lo làálì. Ní Ṣáínà, láyé ìjọba Qing, àwọn obìnrin ààfin a máa dá èékánná sí títí yóò fi gùn gbọọrọ, wọn a sì fi ìdérí wúrà tàbí fàdákà bò ó kí ó má baà ṣẹ́. Àwòrán Cixi, ìyá ọba tó di gbogbo agbára mú nígbà náà, fi àṣà yìí hàn kedere. Ìtumọ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀ ní: ẹni tó ṣe ọwọ́ rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ báyìí ní àyè láti sinmi. Ìyàwó tó di làálì mọ́ ọwọ́ kò lè gún iyán lọ́jọ́ náà.

Orúkọ tí a ń pe ọ̀dà èékánná lónìí ní ìtàn tirẹ̀. Cutex ni orúkọ ọjà kan tí Northam Warren gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1911. Kì í ṣe ọ̀dà rárá nígbà náà. Omi tí a fi ń yọ awọ tó yí ìdí èékánná ká ni, láti inú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pe awọ náà ni wọ́n sì ti fa orúkọ ọjà yọ. Ní nǹkan bí ọdún 1917 ni ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ̀dà olómi fún èékánná. Lọ́dọ̀ wa, orúkọ ọjà kan di orúkọ gbogbo irú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ elébú ní Omo. Ní 1932, Charles Revson, arákùnrin rẹ̀ Joseph, àti Charles Lachman dá ilé iṣẹ́ Revlon sílẹ̀. Àwọ̀ lílọ̀ tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ là á kọjá ni wọ́n pò mọ́ ọ̀dà tiwọn, kì í ṣe aró olómi tó fẹ́lẹ́. Láti ìgbà náà ni èékánná ti lè pupa bí ata rodo.

Ohun tó mú kí ọ̀dà yìí tètè gbẹ ni nitrocellulose. Ní 1846, Christian Friedrich Schönbein, onímọ̀ nípa kẹ́míkà tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Basel ní Switzerland, kéde pé bí a bá rẹ òwú sínú àdàpọ̀ ásíìdì líle méjì, òwú náà yóò di ohun tó ń bú gbàmù bí ẹ̀tù. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé a lè yọ́ irú òwú bẹ́ẹ̀ sínú omi tó ń tètè fẹ́ lọ, kí ó sì gbẹ di awọ dídán. Ìpìlẹ̀ ọ̀dà Duco nìyí, èyí tí ilé iṣẹ́ DuPont ṣe, tí General Motors sì fi kun ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Oakland ti ọdún 1924. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ọ̀dà ọkọ̀ fi ń gbẹ. Ohun kan náà ni ìpìlẹ̀ kútẹ́ẹ̀sì tó wà nínú ìgò kékeré lórí tábìlì yín. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni máa kun èékánná nítòsí àbẹ́là tàbí àtùpà nígbà tí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ. Ọmọ òwú tó ń bú gbàmù ni, bí ó tilẹ̀ ń ta sánsán.

A ti mọ ibi tí ọ̀dà ti wá. Ó ku òǹtẹ̀. Ìlú Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ó lọ. Ní oṣù Keje ọdún 1756, John Sadler àti Guy Green fi hàn pé àwọn lè tẹ àwòrán sára táìsì amọ̀ láìlo gègé ayàwòrán. Wọn a fín àwòrán, wọn a fi ọ̀dà sí i, wọn a tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, wọn a sì tẹ bébà náà mọ́ amọ̀ kí ọ̀dà tó gbẹ. Wọ́n búra níwájú òfin pé àwọn méjèèjì, láìsí olùrànlọ́wọ́, tẹ táìsì tó lé ní 1,200 láàrin wákàtí mẹ́fà. Àwọn amọ̀kòkò tó jẹ́rìí sí i sọ pé 100 ayàwòrán tó mọṣẹ́ dunjú kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀ láàrin àkókò kan náà. Ẹ fojú inú wo bí ọ̀rọ̀ yẹn yóò ti dún létí ọgọ́rùn-ún ayàwòrán náà.

Ṣùgbọ́n bébà kì í rọ̀ tó láti lẹ̀ mọ́ ojú tó yọ gọngọ tàbí tó tẹ̀ kòtò. Nítorí náà ni àwọn amọ̀kòkò ṣe wá ń lo ohun rírọ̀ bí ẹ̀kọ jíjì, tí a sè láti inú awọ àti egungun ẹran. Àwọn aṣe-aago ní Switzerland lo irú ohun rírọ̀ bẹ́ẹ̀ láti tẹ nọ́ńbà sójú aago. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, àwọn ará Jámánì fi sílíkóònù rọ́pò rẹ̀, nítorí pé sílíkóònù kì í tètè jẹrà, ọ̀dà kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn jù. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń gbà tẹ àmì sára bíírò, bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù àti bọ́tìnì ẹ̀rọ. Èékánná náà yọ gọngọ, ó sì kéré. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé ẹnìkan rò ó wò. Ilé iṣẹ́ Konad ti Kòríà Gúúsù wà lára àwọn tó sọ irin fínfín àti òǹtẹ̀ kékeré di ohun tí obìnrin lè lò fúnra rẹ̀ nínú yàrá.

Ìdí tí òdòdó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò fi jáde lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́ wà nínú ìtàn yìí. Bí omi inú ọ̀dà ti ń fẹ́ lọ, ojú ọ̀dà ń lẹ̀ sí i. Lílẹ̀ yìí ló ń mú kí ó bá òǹtẹ̀ gòkè kúrò nínú ihò irin. Nígbà tí atẹ́gùn bá sì kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì, òun náà yóò lẹ̀, yóò sì fi òǹtẹ̀ sílẹ̀ gbá èékánná mú. Bí fáànù bá ń fẹ́, tàbí tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ọ̀dà yóò ti gbẹ sínú irin kí òǹtẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀dà tó ṣàn jù kì í jáde dáadáa pẹ̀lú. Èyí tó ki ni òǹtẹ̀ ń fẹ́. Nítorí náà, iṣẹ́ ọwọ́ kò tíì tán nínú òǹtẹ̀. Ó yí padà ni.

Kútẹ́ẹ̀sì tó ń yọ gbúngbùn náà kọ́ wa ní nǹkan kan. Ní 2011, èyí tó ń sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn gbòde kan, nígbà tí ilé iṣẹ́ OPI gbé e jáde pẹ̀lú orúkọ olórin Katy Perry. Ní 2013, wọ́n gbé èyí tó ní hóró bí iyanrìn jáde pẹ̀lú orúkọ Mariah Carey. Èyí tó ń sán, a ń kùn ún sórí ọ̀dà mìíràn tó ti gbẹ. Á gbẹ kíákíá, á súnkì, á sì ya. Kò sí èékánná méjì tí yóò ya bákan náà. Òǹtẹ̀ sọ ìka mẹ́wàá di ìbejì. Sísán sọ ìka mẹ́wàá di àlejò sí ara wọn. Inú páálí kan náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kó méjèèjì sí, ó sì ń lò wọ́n pa pọ̀. Ọmọ ènìyàn ń fẹ́ ohun tó jọra, ó sì ń fẹ́ ohun tí kò ní ẹlẹgbẹ́.

Ìdí nìyí tí òǹtẹ̀ kò fi pa ọwọ́ run ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Josiah Wedgwood, amọ̀kòkò olókìkí nì, ń kó àwo ránṣẹ́ sí Sadler àti Green ní Liverpool kí wọ́n bá òun tẹ àwòrán sí i. Síbẹ̀, nígbà tí Catherine, ọbabìnrin Rọ́ṣíà, pàṣẹ àwo oúnjẹ ní 1773, ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ Wedgwood fi ya àwòrán sára gbogbo àwo náà, 952 lápapọ̀. Òǹtẹ̀ wà fún ọjà, ọwọ́ wà fún ààfin.

Nílé tiwa ńkọ́? Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ nídìí adìrẹ ẹlẹ́kọ. Àwọn obìnrin Ìbàdàn a máa fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sára aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin gé ọnà sára páànù tín-ín-rín, wọ́n sì ń fá ẹ̀kọ gba inú ihò rẹ̀ kọjá sórí aṣọ. Ó yá ju ìyẹ́ adìẹ lọ. Síbẹ̀, páànù kò pa ìyẹ́ run. Ìyẹ́ ló bí Ìbàdàndùn, tí òpó gbọ̀ngàn Mápó wà lára rẹ̀. Páànù ló bí Olọ́ba, tí wọ́n ṣe nígbà àjọ̀dún 25 ọdún Ọba George Karùn-ún lórí oyè ní 1935, tí àwòrán ọba náà àti ayaba rẹ̀ wà láàrin rẹ̀. Ọba òkèèrè ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ló gé páànù rẹ̀, aró wa ló sì rẹ ẹ́.

Ohun tó ń pa àwọn aládìrẹ lára lónìí kì í ṣe páànù. Igbe tí wọ́n ń ké ní Abẹ́òkúta ni pé aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tó gbé ọnà adìrẹ wọ̀, ti kún ọjà ní owó pọ́ọ́kú. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni ẹ jẹ́ kí á wò. Nígbà páànù, ará Abẹ́òkúta ló ni irin, òun ló sì ni ọnà. Nísinsìnyí, ọnà jẹ́ tiwa, irin jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ìdáhùn sí ìbéèrè mi nìyí. Kì í ṣe òǹtẹ̀ ló ń gba oúnjẹ lẹ́nu oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó bá ni irin tí a fín ọnà sí ni èrè ń bá lọ.

Ní ọ̀pọ̀ ọjà wa, àwọn ọ̀dọ́ ń jókòó sórí àpótí, wọ́n ń fi gègé tín-ín-rín ya òdòdó sórí èékánná oníbàárà. Wọn kò gbọdọ̀ bẹ̀rù irin pẹlẹbẹ náà. Kí wọ́n rà á, kí wọ́n kọ́ ọ, kí wọ́n fi tẹ èyí tó yẹ kí ó yá, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ya èyí tí oníbàárà fẹ́ kí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n mo yẹ irin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wò láti òkè dé ilẹ̀. Òdòdó wà níbẹ̀, labalábá wà níbẹ̀, yìnyín pàápàá wà níbẹ̀. Kò sí Olókun, kò sí Ìbàdàndùn.

Mo bi í pé ọnà wo ni yóò fẹ́ kí á fín sí irin bí a bá lè fín tiwa. Ó ronú díẹ̀, ó wo ìró adìrẹ tí mo ró, ó sì fi ìka rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ tọ́ka sí i.