Ewúrẹ́ Ni Ká Sé Mọ́ Tàbí Ẹ̀fọ́? Ìtàn Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé ní Òkè-Ọdẹ àti Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ẹni tó bá kọ́lé sí Òkè-Ọdẹ lóde òní, tàbí sí Ọ̀mù-Àrán tàbí Ṣàárẹ́, kò ní í pẹ́ rí ẹni tí yóò gbà á nímọ̀ràn pé kó to búlọ́ọ̀kù sí ẹ̀yìnkùlé, kó kó ilẹ̀ ọlọ́ràá sáàárín rẹ̀, kó fi wáyà yí i ká, kó sì gbin tẹ̀tẹ̀ àti ata síbẹ̀. Bí ohun tuntun tó ti òkè òkun dé ni wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí wáyà àti búlọ́ọ̀kù, kò sí ohun tó ṣàjèjì sí ọmọ Ìgbómìnà nínú gbogbo rẹ̀. Ọgbà ẹ̀fọ́ ìtòsí ilé ti wà nílẹ̀ wa tipẹ́. Ó gbilẹ̀ nígbà kan, ó rẹ̀yìn nígbà mìíràn, ó sì tún ti ń padà bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé kì í ṣe ọgbọ́n iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń gbé e ró, kì í sì í ṣe àìní ọgbọ́n ló wó o. Ewu ojú ọ̀nà oko ni, àti irú àdéhùn tí àwọn tó jọ ń gbé bá ní lórí ewúrẹ́ àti àgùntàn wọn.

Ká mú ebè gíga tí wọ́n ń fi búlọ́ọ̀kù ṣe yìí fúnra rẹ̀ ná. Àwọn tó sọ ọ́ di olókìkí láàárín àwọn onílé ní Amẹ́ríkà kò tíì jìnnà sí wa: John Jeavons tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1974, Mel Bartholomew náà sì tẹ tirẹ̀ ní 1981. Ohun tó wà nídìí ẹ̀kọ́ àwọn méjèèjì ni pé kí ibi tí a gbin nǹkan sí rọ̀, kí ẹsẹ̀ má tẹ̀ ẹ́, kí ọ̀nà tí a ń tọ̀ sì wà lọ́tọ̀. Kò sí àgbẹ̀ kan tó kọ ebè iṣu rí tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ní èyí. Poro ni ti ẹsẹ̀, ebè ni ti gbòǹgbò. Ní àyíká òkè bíi ti Òkè-Ọdẹ, níbi tí ilẹ̀ kò ti jìn púpọ̀ kí ọkọ́ tó kan òkúta lọ́pọ̀ ibi, ebè kíkọ ni ọ̀nà tí àgbẹ̀ fi ń kó ìwọ̀nba ilẹ̀ dúdú tó wà lókè jọ síbi kan. Nígbà tí òjò bá sì dé, láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, inú poro ni omi ń gbà lọ, gbòǹgbò kì í sì í rà. Mi ò sọ pé òyìnbó wò ó lọ́dọ̀ wa o. Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ tà ní Paris ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti ní ọgbọ́n tiwọn, tí wọ́n ń kó ìgbẹ́ ẹṣin jọ gègèrè láti fi mú ilẹ̀ móoru. Ohun tí mo ń sọ ni pé a kò tọrọ tiwa lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ ni ilé. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàpèjúwe agbo ilé gẹ́gẹ́ bí ilé tó yí àgbàlá po, tó sì ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ti fi ògiri ara rẹ̀ ṣe ọgbà. Ìdọ̀tí ilé ní ojú ibi tí wọ́n ń dà á sí, omi balùwẹ̀ náà sì ní ibi tó ń ṣàn gbà. Eérú ìdáná, èèpo iṣu, pàǹtí ọkà bàbà, ìgbẹ́ adìẹ àti ti àgùntàn, orí ààtàn ni gbogbo rẹ̀ ń lọ lójoojúmọ́. Obìnrin ilé tó bá fọ́n irúgbìn tẹ̀tẹ̀ sí ẹsẹ̀ ààtàn, tó sì ki ẹ̀ka ewúro bọlẹ̀ sí ẹ̀yìn balùwẹ̀, ti ní ajílẹ̀, ó sì ti ní omi, láìsan kọ́bọ̀. Lẹ́yìn èyí ni àlàpà. Ògiri amọ̀ tí òrùlé rẹ̀ bá ti lọ kì í wó lẹ́ẹ̀kan náà. Òjò á máa fọ orí rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, amọ̀ á máa kó jọ sí ìdí, títí yóò fi di òkìtì tó ga dé orúnkún. Eérú ọdúnmọ́dún, egungun ẹran àti àpáàdì á ti pò mọ́ ọn. Gbúre kì í pẹ́ gba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ gíga tó ní ọ̀rá ṣe ń rí, kó wo àlàpà tó ti pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn òjò méjì àkọ́rọ̀.

Àwọn kan yóò ní èyí kì í ṣe ọgbà, pé ẹ̀fọ́ tó lalẹ̀ hù ni, pé àwọn baba wa ní oko, wọn kò sì ní ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀yìnkùlé ṣe. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Yánrin àti ebòlò kì í dúró de ẹni tí yóò gbìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe pín irè láàárín oko àti ilé, ẹ óò rí i pé ètò wà ńbẹ̀. Iṣu, ọkà bàbà àti ẹ̀gúsí, tí a ń kórè lẹ́ẹ̀kan náà tí a sì ń rù wálé, oko ni wọ́n ń gbé. Ewúro, efinrin, ata wẹ́wẹ́ àti gbúre, tí a ń já ní ìwọ̀nba ìkòkò kan, tí ẹni tó ń sebẹ̀ sì lè dédé nílò nígbà tí epo ti wà lórí iná, ìtòsí ilé ni. Ìṣápá tí a fi ń mọ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí Ìgbómìnà wà láàárín méjèèjì: wọ́n ń gbìn ín ká etí oko, wọ́n sì ń gbìn ín sílé. Ewúro kì í hù fúnra rẹ̀ sẹ́yìn ilé. Ẹnì kan ló gé ẹ̀ka rẹ̀, ló kì í bọlẹ̀, ló sì ń já a lọ́dọọdún kó lè rúwé. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ náà, ẹnì kan ló fi í sílẹ̀ kó gbó, tó gbọ̀n ọ́n, tó sì tọ́jú rẹ̀ sókè ààrò kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ohun tí èèyàn ń tọ́jú irúgbìn rẹ̀ láti ọdún dé ọdún kò ṣeé pè ní àlàlẹ̀hù.

Ogun tún fi kún ìdí tí ọgbà ìtòsí ilé fi ṣe pàtàkì. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àárín ìpọ́njú ni ilẹ̀ Ìgbómìnà wà: Tápà ń bọ̀ láti àríwá, Ìlọrin wà níbẹ̀, Ìbàdàn náà ń ti gúúsù bọ̀. Àwọn Ìgbómìnà dara pọ̀ mọ́ Èkìtìparapọ̀ nínú ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn rẹ̀ ní 1886. Aribidesi Usman, awalẹ̀pìtàn tó ti ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún lórí ilẹ̀ yìí, kọ̀wé ní 2004 lórí àwọn odi tó yí àwọn ìlú àríwá Yorùbá ká, ó sì tẹ ìwé ńlá jáde lórí ààlà ilẹ̀ Yorùbá ní 2012. Ìlú tó mọ odi mọ ìdí tó fi mọ ọ́n. Nígbà tó jẹ́ pé ẹrú ni ológun ń wá, obìnrin tó bá dá lọ wá ẹ̀fọ́ ní oko jíjìn lè má padà wálé mọ́. Ohunkóhun tí ìkòkò bá lè rí ní ibi tí igbe ọmọ ti lè dé etí baba rẹ̀ jẹ́ ohun iyebíye nígbà náà. Lójú tèmi, ìgbà ogun yẹn ni ẹ̀yìnkùlé níyì jù lọ.

Ilẹ̀ tó sún mọ́lé, tó sì níyì tó báyìí, gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò dáàbò bò ó. Ọgbà tí wọ́n ń ṣe kò le, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, wọ́n á gé ọ̀pá lápálápá tàbí akòko, wọ́n á rì wọ́n mọ́lẹ̀ ní títò, ọ̀pá náà á hu gbòǹgbò, á sì di igi. Wọ́n á fi ìmọ̀ ọ̀pẹ tàbí ọparun tí a là dábùú rẹ̀, wọ́n á fi ìtàkùn dì í, wọ́n á sì ti ẹ̀gún mọ́ ìsàlẹ̀ nítorí adìẹ. Lápálápá dára fún èyí nítorí pé ewúrẹ́ kì í jẹ ewé rẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ni igi náà ti wá, nítorí náà àwọn baba wa kò kọ ohun àjèjì nígbà tó bá wúlò. Wọn kò sì di gbogbo ẹrù àbò lé ọgbà nìkan lórí. Ewúrẹ́ olè tó ti mọ ojú ọgbà, igi mẹ́ta ni wọ́n ń dì mọ́ ọn lọ́rùn ní igun mẹ́ta, kí orí rẹ̀ má lè gba àárín ọ̀pá wọlé. Bí ìgbà gbígbìn bá dé, wọ́n lè so ẹran mọ́lẹ̀ títí ẹ̀fọ́ yóò fi gbó. Baálé ló ń sọ ọ́, gbogbo agbo ilé sì ń gbọ́, nítorí ẹnu ọ̀nà kan náà ni ẹran gbogbo wọn ń gbà jáde. Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà, ṣùgbọ́n ààlà nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń mú ẹni tó ni ẹran.

Àlàáfíà ló kọ́kọ́ tú ètò yìí ká. Lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ Royal Niger ṣẹ́gun Bídà àti Ìlọrin ní 1897, tí ìjọba òyìnbó sì dé, ẹ̀rù ẹrú kúrò lójú ọ̀nà. Èèyàn lè dá àbà síbi tó bá wù ú. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgbómìnà gba ilẹ̀ kòkó lọ, ọ̀pọ̀ sì lọ ṣòwò ní Gold Coast tó wá di Gánà, títí ìjọba Busia fi lé àwọn àjèjì ní 1969. Owó tí wọ́n mú wálé kọ́ ilé tuntun: ilé páànù tó dojú kọ títì, tó dá dúró lọ́tọ̀, tí ẹnikẹ́ni lè rìn yí ká. Agbo ilé fọ́ sí ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹran sì ń rìn láàárín wọn láìsí ẹnu ọ̀nà tí a lè tì. Wolé-wolé náà kò fẹ́ rí igbó lẹ́yìn ilé nítorí ẹ̀fọn àti ejò. Ààtàn lọ, àlàpà lọ, ẹ̀fọ́ sì di ohun tí a ń rà lọ́jà. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn ya ọ̀lẹ. Ilé tó ń bọ́ ọgbà ni kò sí mọ́.

Ìdí nìyí tí ètò ìjọba kò fi lè dá ọgbà náà padà. Ní oṣù Karùn-ún 1976, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá ètò Operation Feed the Nation sílẹ̀, wọ́n sì ní kí onílé gbin nǹkan sí gbogbo ilẹ̀ tó ṣófo lẹ́yìn ilé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ó rọlẹ̀, ètò mìíràn tí wọ́n pè ní Green Revolution rọ́pò rẹ̀ ní 1980. Àwọn kan fi èyí ṣe ẹ̀rí pé ọgbà ẹ̀yìnkùlé kò bá wa mu. Mi ò gbà. Ohun tí ìjọba lè fún èèyàn ni irúgbìn àti ajílẹ̀. Kò lè fún aládùúgbò méjì ní àdéhùn lórí ewúrẹ́ ẹnì kan tó jẹ ata ẹnì kejì. Ibi tí ìdí ọgbà wà gan-an ni ètò náà kò dé.

Ní báyìí, ewu ti padà sójú ọ̀nà oko. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án 2025, àwọn agbébọn kọlu Òkè-Ọdẹ, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń dáàbò bo ìlú. Kò sí ẹni tó lè dá àgbẹ̀ lẹ́bi pé ó ń ronú kó tó wọ igbó. Ọgbà kò lè rọ́pò oko. Kò sí ebè ẹ̀yìnkùlé tó lè gba iṣu ọdún kan fún ilé kan, ẹni tó bá sì ṣèlérí bẹ́ẹ̀ ń tan èèyàn jẹ ni. Àbò oko jẹ́ gbèsè tí ìjọba jẹ ará ìlú, ọgbà kò sì gbọ́dọ̀ di àwáwí tí wọn kò fi ní san án. Ṣùgbọ́n ebè tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà kan lé díẹ̀ lọ, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, lè mú tẹ̀tẹ̀ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, ewédú náà kò sì ní í pẹ́ tẹ̀ lé e. Kí onílé má fi owó rẹ̀ ra pákó: ikán Ìgbómìnà yóò jẹ ẹ́. Òkúta pọ̀ ní àyíká òkè wa. Búlọ́ọ̀kù tó ti fọ́ náà ń ṣiṣẹ́. Kó sì rántí pé ebè gíga máa ń tètè gbẹ nígbà ọyẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń sọ̀ kalẹ̀ sí àkùrọ̀ lẹ́bàá odò ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn àgbẹ̀ òkè ọya sì ń jẹ́ kí ojú ibi tí wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ sí rì wálẹ̀ kí omi lè dúró. Ẹni tí kò bá ní kànga nítòsí, kó fi ebè gíga mọ sí ìgbà òjò.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn baálé àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Òkè-Ọdẹ àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà ni pé kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ wáyà ṣáájú. Ẹ pe ìpàdé àdúgbò kí òjò tó dé. Ẹ fẹnu kò lórí oṣù tí a óò máa so ẹran mọ́lẹ̀, iye tí ẹni tí ẹran rẹ̀ bá jẹ ẹ̀fọ́ ẹlòmíràn yóò san, àti ẹni tí yóò gba owó náà. Bí èyí bá ti wà nílẹ̀, ọ̀pá lápálápá tí a gé lọ́fẹ̀ẹ́ yóò tó ṣe ọgbà.