Ìtàn Ooru Ara fún Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé

Bí ọyẹ́ bá mú ní Sabon Gari, Kano, sìmẹ́ńtì inú ilé a máa ta ni lẹ́sẹ̀ ní ìdájí. Ẹni tó bí ọmọ oṣù méje lásìkò náà yóò gbọ́ ìmọ̀ràn mẹ́ta lẹ́nu ènìyàn mẹ́ta: ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ móoru, ẹ dáná sí yàrá, ẹ gbé e lé àyà. Ìdí tí mo fi tú ìtàn ìmọ̀ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò nìyí.

Ta ló kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ? Àwọn kan ní Denucé ti Bordeaux ni, lọ́dún 1857. Àwọn mìíràn ní Credé ará Jámánì. Ọpọ́n irin ológiri méjì tí omi gbígbóná wà láàárín rẹ̀ ni tàwọn méjèèjì, n ò sì ní jà sí i. Ti dókítà Stéphane Tarnier ló tàn kálẹ̀. Ní nǹkan bí 1880, ó rí ẹ̀rọ tó ń sàba lé ẹyin adìẹ nínú ọgbà ẹranko kan ní Paris, ó sì ní kí Odile Martin ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ ènìyàn. Àpótí onígi ni, wọ́n ki lẹ́búlẹ́bú pákó sáàárín ògiri rẹ̀. Omi gbígbóná nísàlẹ̀, ọmọ lókè. Ní ọsibítù rẹ̀, nínú 100 ọmọ tí kò tó kílò méjì, 66 ló ń kú tẹ́lẹ̀. Ó wálẹ̀ sí 38.

Nílé tiwa, aṣọ, iná àti ara ìyá ni a fi ń mú ọmọ móoru. Ẹ má ka wankan jego, ìwẹ̀ omi gbígbóná àwọn Hausa, mọ́ ọn, tàbí bẹ́ẹ̀dì amọ̀ tí wọ́n ń dáná sábẹ́ rẹ̀ ní Zaria: ìyá ọlọ́mọ ni wọ́n ṣe é fún.

Gbígbé ọmọ lé àyà ní ìhòòhò wọ ọsibítù ní Bogotá, Colombia, níbi tí ẹ̀rọ kò ti kárí ọmọ. Àwọn kan kọ 1978, àwọn kan 1979. Kò sí ìjà níbẹ̀: dókítà Edgar Rey ló bẹ̀rẹ̀, Héctor Martínez dara pọ̀ mọ́ ọn lọ́dún kejì.

Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń dúró kí ara ọmọ kọ́kọ́ balẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Ìwádìí ti 2021, tí Ilé-Ifẹ̀ wà lára ibùdó rẹ̀ márùn-ún, gbé ọmọ lé àyà láìdúró. Ọmọ 3,211 ni wọ́n wò: nínú 100, bíi 16 kú níbi tí wọ́n ti dúró, 12 níbi tí wọn kò ti dúró. Àjọ WHO gbà á lọ́dún 2022.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ nu ọmọ gbẹ, ẹ dé e ní fìlà, ẹ gbé e lé àyà, kí ẹ sì gbé e bẹ́ẹ̀ dé ọsibítù.